Ọkọ̀ Ẹlẹ́nu Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí òtítọ́ tó wá bá mi nílé lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ti rí. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu gorí àlééfà tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di 488 náírà ní ilé epo NNPC. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 náírà. Mọ́tò mi àtijọ́ kò sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Bí mo bá ti Ṣómólú dé Bàrígà, tí mo yà sí Akọkà, tí mo gba Yábà lọ sí Erékùṣù tí mo sì padà wálé, bíi ogójì kìlómítà nìyẹn, lítà márùn-ún epo ti wọgbó, bíi 5,000 náírà lójúmọ́ kan.

Èyí ló mú mi tà á, tí mo ra tòkunbọ̀ kan, Toyota Prius Prime ti ọdún 2017, tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà. Owó mi kò tó. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ló gba owó àjọ tirẹ̀ fi kún un, owó tí ì bá fi ra fìríìjì fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní títì Bájúláyé. Nígbà tó ka owó náà lé mi lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí owó yìí wọ omi o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ẹnu méjì ló ní. Ẹnu kan wà tí à ń da epo sí, ẹnu kejì wà tí à ń ki wáyà iná mànàmáná bọ̀. Ẹ́ńjìnnì epo wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná yí táyà náà wà nínú rẹ̀, bátìrì ńlá kan sì wà lẹ́yìn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 8.8. Bí bátìrì yìí bá kún, ọkọ̀ náà lè rin bíi ogójì kìlómítà láìmu ẹ̀kán epo kan. Bí iná bá tán, ẹ́ńjìnnì epo á jí, á sì máa bá ìrìn lọ, kò sí pé ọkọ̀ dákú sójú ọ̀nà. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tòní. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni Ferdinand Porsche ti ṣe ọkọ̀ kan ní ìlú Vienna tí ẹ̀rọ epo ń dá iná fún. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí ta Prius ní Japan ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ihò wáyà. BYD ti Ṣáínà gbé oníhò wáyà jáde ní ọdún 2008, Chevrolet Volt ti Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní ọdún 2010.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gbé e jáde, gbogbo ará ilé ló dúró wò mí. Mo tẹ bíréèkì, mo tẹ bọ́tìnnì, n kò gbọ́ kiní kan. Kò dún gbìn-ìn. Mo tún un tẹ̀, gbogbo iná iwájú rẹ̀ bá kú. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta, ó tún dákẹ́ bí òkú òru. Ìyá Ìbejì ti ká ọwọ́ lérí. Àfi ìgbà tí ọmọ kékeré kan tó ń fọ mọ́tò ládùúgbò wa yọjú láti ojú fèrèsé, tó ní, "Bàbá, wọ́n kọ READY síbẹ̀ o. Ó ti ṣí." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ti ń dúró dè mí, èmi ni mo ń pa á. Mo fà á sí D, ó sì yọ́ jáde bí ológbò tó jí ẹran.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Wọ́n ṣe ìró kékeré kan sí ọkọ̀ náà tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbọ́ bí kò bá sáré, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ ní òpópónà Jagunmólú, níbi tí jẹnẹrétọ̀, dánfó àti kẹ̀kẹ́ márúwá ti ń pariwo lé ara wọn lórí? Ọmọ kan sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sí iwájú mi. Kò gbọ́ mi rárá. Ọlọ́run ló ní kí n ti tẹ bíréèkì. Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣí fèrèsé mi sílẹ̀, mo sì ń fọn fèrè wẹ́rẹ́ bí mo bá dé ibi tí èrò pọ̀.

Ṣùgbọ́n bíréèkì yẹn náà ní èrè tirẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń mú kí àwọn ẹlòmíràn fi epo ṣòfò, èmi a máa rí díẹ̀ gbà padà nínú rẹ̀. Inú mi dùn dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí yangàn.

Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ rèé.

Ilé tí à ń gbé, ìdílé mẹ́fà la wà níbẹ̀, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. A máa ń dá owó ni, a ó sì ra yúníìtì 20,000 náírà. Adúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A, tí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúníìtì wọn láti náírà 68 sí 225. Nígbà tí mo fi ra ọkọ̀, ó ti wálẹ̀ sí 209 àbọ̀, 20,000 náírà wa sì ń fún wa ní bíi yúníìtì 88, lẹ́yìn owó orí VAT. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló máa ń gbé wa.

Ọkọ̀ mi, bí bátìrì rẹ̀ bá gbẹ, bíi yúníìtì 7 ló ń mu lóru kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: gbogbo ilé, ìdílé mẹ́fà, kò ju yúníìtì 6 lọ lójúmọ́. Èmi nìkan wá ń fi ọkọ̀ kan mu ju gbogbo ilé lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń ki wáyà bọ ara ògiri nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn, mo sì ń yọ ọ́ kí àwọn Mùsùlùmí tó pe ìrun àárọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ìgbà tí ènìyàn tan fáànù ni.

Ní ọjọ́ keje, iná tán. Gbogbo ilé gbaná jẹ. Ìyá Onílé pe ìpàdé, ojú gbogbo ènìyàn sì yí sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan: ìyá ẹlẹ́ja, opó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń fi fírísà kékeré kan tọ́jú ẹja kòtẹ̀ àti títọ̀sì tó ń tà ní ọjà Bàrígà. Ẹnì kan ní fírísà rẹ̀ ti bàjẹ́, òun ló ń jẹ iná. Òmíràn ní ó ti ń gba ẹja ẹlòmíràn pamọ́ gbowó. Obìnrin náà ń búra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n dájọ́ pé kí ó máa pa fírísà lálaalẹ́, kí ó sì san ìlọ́po méjì nínú owó tuntun.

Èmi ńkọ́? Mo jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé kí ọmọ ènìyàn jẹ́ olóòótọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù fún ara wa." Mo dìde, mo sì lọ jẹun.

Òru ọjọ́ kẹta sí ìpàdé náà ni Ọlọ́run fi mí hàn. Wáyà tó bá ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 fólítì ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa níbí tó 230 sí 240. Ẹni bá kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jó. Mo mọ ìyẹn, mo sì ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, èyí tí àwọn oníná ń pè ní sítẹ́púdáùn. Ṣùgbọ́n mo ra olówó pọ́ọ́kú, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 wáàtì, nígbà tí ọkọ̀ náà ń fa bíi 1,440 fún wákàtí márùn-ún láìsinmi. Bí ènìyàn bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ru àpò sìmẹ́ńtì láti Oníìpanu dé Bàrígà, ṣé kò ní ṣubú?

Ní nǹkan bí agogo méjì òru, mo gbọ́ òórùn ike tó ń jó. Kí n tó dìde, èéfín ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, fíúsì ńlá já, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn sá jáde tọmọtọmọ. Wọ́n da iyanrìn lé sítẹ́púdáùn náà títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan fi tọ́ọ̀ṣì tọ wáyà láti ara ògiri, ó gba ojú fèrèsé mi kọjá, ó gba abẹ́ àpótí kọjá, ó sì dé ibi tó parí sí: ẹnu kejì ọkọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ìyá Onílé kò bú mi. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jókòó níbẹ̀ tí obìnrin yìí ń sunkún?" N kò lè dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́ja níwájú gbogbo ilé. Mo san owó iná tí mo mu, mo dá ìlọ́po tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, mo sì san owó ẹja tó bàjẹ́ nígbà tó ń pa fírísà. Ó gba owó náà, ó sì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹja kọ́ ló dùn mí. Orúkọ mi tí ẹ jẹ́ kí wọ́n bà jẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára mi títí di òní. Ìyá Ìbejì náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nísinsìnyí, ohun tí mo kọ́ rèé, kí ẹlòmíràn má baà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ẹ bá ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń lo iná. Ọmọkùnrin oníná kan ní Fọlá Àgọ́rò ló bá mi ṣe mítà kékeré tèmi sẹ́yìn mítà ilé, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí mo ń mu. Ó fún mi ní sítẹ́púdáùn 3,000 wáàtì, wáyà tó nípọn, fíúsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti wáyà tó wọlẹ̀. Ó ní kí n má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" bọ́ ọ, nítorí agbára rẹ̀ kò tó, èmi yóò sì tún máa sun epo tí mo ń sá fún. Ó tún ní kí mẹkáníìkì tí kò mọ iṣẹ́ náà má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú rẹ̀, nítorí iná tó ju 300 fólítì lọ ló ń gba ibẹ̀.

Èrè wà níbẹ̀ o. Bátìrì tó kún ń ná mi ní nǹkan tí kò pé 1,600 náírà ní iye ìgbà náà, níbi tí epo ti ń gba 5,000. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná wákàtí mẹ́rin ni adúgbò rẹ̀ ń rí, kí ó ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ó tó ná owó.

Ìyá Ìbejì ti fi èrè rẹ̀ ra fìríìjì. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo ń gbé ẹja ìyá ẹlẹ́ja lọ sí ọjà Bàrígà, n kò sì gba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ mi ní ẹnu méjì, ìyẹn kò burú. Èmi tí mo ni ín ni kò yẹ kí n jẹ́ ẹlẹ́nu méjì.