Ẹ Ṣí Gbọ̀ngàn Ìlú fún Ẹgbẹ́ Àṣà!

Ẹ̀yin òṣèré, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọdé ní ijó àti oríkì, àti gbogbo ará ìlú tó fẹ́ràn àṣà wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ó ti bá ẹgbẹ́ onílù nírọ̀lẹ́. Ìyáàlù wà léjìká ọ̀gá, àwọn ọmọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú omele wọn. Bí òjò bá ṣú, kóówá á gbá ìlù rẹ̀ mọ́ra, wọ́n á tú ká, torí omi a máa ba awọ ìlù jẹ́. Bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ìgbéyàwó ni tàbí ìpàdé òṣèlú. Bí ẹgbẹ́ àṣà bá kọ̀wé béèrè, wọ́n á ní, "Ẹ lọ rí Alága." Ẹni tó mọ Alága rí àyè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n padà sábẹ́ igi.

Èyí kò tọ́. Owó ará ìlú la fi kọ́ gbọ̀ngàn náà.

Ẹ wo ohun tí àyè kan ṣoṣo lè bí. Ní 1944, Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ni Hubert Ògúndé, baba tíátà òde òní ní Nàìjíríà, ti gbé eré rẹ̀ síta. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ l'Óṣogbo di gbọ̀ngàn àṣà tó ń jẹ́ Mbari Mbayo. Ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ gbé eré Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, Mbari Mbayo náà sì ni Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ládiípọ̀ ní ilé tó lè yọ̀ǹda. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ òṣèré òní ló ní?

Àlàkalẹ̀ Kẹrin nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti ìta gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò tilẹ̀ gba owó rẹpẹtẹ.

Àkọ́kọ́, kí káńsù kọ orúkọ gbogbo gbọ̀ngàn àti pápá tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti iye owó ìlò wọn, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní sẹkitéríàtì. Èkejì, kí ó ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹgbẹ́ àṣà, kí wọ́n san owó iná àti ìgbálẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ tí aṣojú àwọn ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ máa pín àyè, láìwo ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí wọn kò bá fún, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Ẹgbẹ́ tó bá lo gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ gbá a, kí ó sì tún àga tó bá kán ṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ kan má dá lọ. Ẹ para pọ̀, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sí sẹkitéríàtì, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àwọn gbọ̀ngàn náà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nílé. Bí ìbò bá dé, ẹ bi olùdíje léèrè ní gbangba: ṣé yóò ṣí gbọ̀ngàn náà, àbí kò ní ṣí i?

Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí.