Ẹni Tí Ó Ń Kírun Lórí Àga

Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí lóde òní, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ kan, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ọgbọ̀n ọdún, tí ó gbé àga sí ìpẹ̀kun sáfù tí ó sì jókòó kírun. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ń dán, kò sí ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun tán, ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan a ní ọ̀lẹ ni. Òmíràn a ní baba àgbà ẹni àádọ́rin ọdún ń dúró, kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ le jù nínú wọn a lọ bá a, a sì sọ fún un pé ìrun rẹ̀ kò tọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó wà nínú itan rẹ̀.

Irin ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kadà tí ó ṣubú lójú títì lè dá eegun itan sí méjì, kí oníṣẹ́ abẹ sì ti ọ̀pá irin gígùn bọ inú ihò mùdùnmúdùn eegun náà, kí ó fi ìdè irin há a lókè àti nísàlẹ̀. Gerhard Küntscher, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní ọdún 1939. Àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà tún wà, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan wọn mọ́ títí ó fi kú tí ó sì rún. Irú wọn ni a ń fi irin àti ike líle pààrọ̀ oríkèé ìgbáròkó fún.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun lórí ìmọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ni ìrora fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò fi sílẹ̀. Ìrora tí ó bá kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun tí a kàn ń fara dà. Ó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ fara gbọgbẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ó lè jẹ́ orí ìdè kan tí ń gún ẹran ara nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá ká ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé irin ti ń mì, tàbí pé eegun kò tíì so. Èyí tí ó burú jù ni kòkòrò àrùn tí ó sá pamọ́ sára irin, níbi tí oògùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Ibẹ̀ a wú, a gbóná, omi a sì máa jáde lójú ọgbẹ́ tí ó ti jinná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ kí ó tó padà sí ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe gba ilé ẹni tí yóò fi òrí gbígbóná fa ẹsẹ̀ náà lọ.

Ẹ wo bí ìrun Àsùbáà ti rí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan láti òru. Kí ó tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan. Ó dé mọ́sálásí, ó rọra jókòó, inú rẹ̀ sì dùn pé òun bá jámáà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè lé e padà sílé fún ọdún kan. Àwọn mìíràn tí ìtìjú mú a gbé hóró tramadol mì kí wọ́n lè dúró bí ẹgbẹ́ wọn; hóró kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí oògùn ìrora yóò fi di ohun tí wọn kò lè fi sílẹ̀ mọ́.

Ta ni ó fún ẹlẹ́gàn ní àṣẹ? Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ ṣubú lórí ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bó, ó sì jókòó kírun lójú àwọn Sàhábà. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Imran ọmọ Husain lẹ́nu, Ànábì gbà á láyè kí ó jókòó bí kò bá lè dúró, kí ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí kò bá lè jókòó. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá lè dúró díẹ̀, kí ó dúró díẹ̀ náà. Òun àti Ọlọ́hun rẹ̀ ni wọ́n mọ ìwọ̀n. Ní ti irin, ẹ rántí Arfaja ọmọ As'ad, tí ó pàdánù imú rẹ̀ nínú ogun Kulab. Ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Ànábì sì pàṣẹ pé kí ó fi wúrà ṣe é, wúrà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn tí ń sọ pé irin inú ara a máa ba àlùwàlá jẹ́ kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Òde ara ni àlùwàlá wà fún, abẹ́ awọ ni irin sì wà.

Hádíìsì kan wà nínú ìwé Abu Dawud tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá. Òkúta fọ́ ọkùnrin kan lórí nínú ìrìn-àjò. Lẹ́yìn èyí ó lálàá, ìwẹ̀ ọ̀ranyàn sì di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè fi erùpẹ̀ ṣe ìmọ́tótó dípò omi. Wọ́n ní rárá. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bá wọn wí pé wọn kò béèrè ohun tí wọn kò mọ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú jámáà kò pọ̀. Àga mélòó kan ní ìpẹ̀kun sáfù tó. Lèmọ́mù lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe àlàyé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Owó ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí ìjàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, agbọ̀n a máa lọ yíká, owó irin a sì pé. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí dókítà bá ní kí aláìsàn wá ya àwòrán eegun tuntun, tàbí kí wọ́n yọ ìdè tí ń gún un, kò sí ẹni tí ó rántí agbọ̀n mọ́. Ojú sì ń ti ọmọ náà láti tún béèrè. Ó wà lórí àga rẹ̀, gbogbo jámáà sì mọ orúkọ rẹ̀.