Ẹ Yá Wọn Lò, Ẹ Má Tà Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Tíátà Ìgànmú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi òógùn ojú yín bọ́ ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ amóríyá kan, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ọmọ ilẹ̀ wa, bá kó owó wá pé òun fẹ́ ra ibi ìgbafẹ́ tí a fi owó gbogbo ènìyàn kọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba tà á fún un? Èmi dáhùn pé kò tọ́. Kí a yá a lò, ó dára. Kí a tà á pátápátá, rárá o. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ilé tí mo ní lọ́kàn ni Ilé Tíátà ti Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní Ìgànmú. Ẹni tí ó bá ti Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ gba Ìjọrà lọ sí Erékùṣù Èkó yóò máa wò ó lókèèrè, tí ó rí bí fìlà ológun. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy ti ilẹ̀ Bùlùgéríà ni ó kọ́ ọ, wọ́n sì fi gbọ̀ngàn ńlá kan tí ó wà ní ìlú Varna ní ilẹ̀ wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Ọdún 1976 ni iṣẹ́ parí, kí ayẹyẹ FESTAC tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1977, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó. Gbọ̀ngàn àgbà inú rẹ̀ gba ènìyàn 5,000. Owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Owó ìlú ni, èyí tí ó jẹ́ tèmi àti tìrẹ, ti oníṣòwò Bọ́ńdárì àti ti àgbẹ̀ tí kò tilẹ̀ dé Èkó rí.

Ilé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ẹni tí ń dá owó lé e. Nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n gbèrò láti fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Àwọn òṣèré àti òǹkọ̀wé, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, sì ta kò ó. Ní ìparí ọdún 2014, ìròyìn gba ìlú kan pé wọ́n ti tà á fún ilé-iṣẹ́ kan láti Dùbáì ní 40 mílíọ̀nù dọ́là, pé yóò di ilé ìtajà. Ariwo ta, ọ̀rọ̀ náà kò sì wá sí ìmúṣẹ. Ní ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí báńkì gbà á láti tún un ṣe. Ní ọdún 2024 a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ nígbà tí baba náà pé àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá owó lé e nígbà tí ó di ahoro, kí ni wọn yóò ṣe nísinsìnyí tí ó ń dán? Ilé tí a ti tún ṣe ni ojú oníṣòwò máa ń wọ̀ jù.

Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra oníṣòwò tàbí àjèjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ orin ńlá ti òkè òkun, Universal Music Group, kéde pé òun ń ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Mavin. Don Jazzy, ẹni tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ wa níhìn-ín, ni ó dá Mavin sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ta ni yóò bá a jà? Ohun tí ènìyàn fi ọgbọ́n orí àti wàhálà ara rẹ̀ kó jọ, ó lè tà á bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú kó owó jọ kọ́, ẹnìkan tí ó wà ní ipò fún ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Olùṣọ́ ni ìjọba jẹ́, onínǹkan kọ́.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Àpápá. Ní ọdún 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí wọ́n ni ín, wọ́n sì wí pé olóyè tí ó jẹ́ olórí wọn kò ní ilẹ̀ náà ní tòótọ́, pé ìwọ̀nba owó ni ó tọ́ sí i. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay sì bá a lọ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre: wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo àwùjọ, olóyè ń dì í mú fún wọn ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni pé oní-ilẹ̀ gan-an ni wọ́n. Ẹ ṣe àkíyèsí pé lórí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yìí ni a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin òyìnbó pé ohun àjùmọ̀ní kì í ṣe ohun aláìlólúwa. Bí òyìnbó amúnisìn kò bá rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a ó ha jẹ́ kí ọmọ tiwa gbé e lọ sí ọjà bí?

Ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn a máa so pátákó méjì gbọọrọ mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Eré ìgbafẹ́ olówó iyebíye ni. Òkè Obúdù tiwa tutù, òkè Ìdànrè sì ga, ṣùgbọ́n yìnyín bẹ́ẹ̀ kì í bo ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1965, ìjọba Amẹ́ríkà yan ilé-iṣẹ́ Disney, àwọn tí ń ṣe sinimá àwọn ọmọdé, láti kọ́ ibi eré orí yìnyín sí àfonífojì kan láàárín òkè ní Kalifọ́níà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mineral King. Iṣẹ́ 35 mílíọ̀nù dọ́là ni, wọ́n sì ń retí àlejò 14,000 lóòjọ́. A ó sì la ọ̀nà tuntun gba inú igbó ọba tí àwọn igi àgbà wà kọjá.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí. Èkínní, Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ràn òwò ju ayé lọ kò ta ilẹ̀ náà fún Disney. Ìwé àṣẹ ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fẹ́ fún un, lórí 80 éékà. Èkejì, ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ràn igbó àti òkè, Sierra Club, pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ọdún 1969. Ní ọdún 1972, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ẹgbẹ́ náà kò tíì fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn, nítorí náà wọn kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọn kò jáwọ́. Wọ́n tún ìwé ẹjọ́ wọn kọ. Ọdún ń gorí ọdún, títí ètò náà fi wọmi, ní ọdún 1978 sì ni ìjọba so àfonífojì náà pọ̀ mọ́ igbó ọba Sequoia. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ohun àjùmọ̀ní sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wí pé: èmi ni mo ń lò ó, ara mi ni yóò ta. Ará Ajégúnlẹ̀ tí kò tẹ ẹsẹ̀ wọ inú ilé Ìgànmú rí, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á?

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba kò mọ nǹkan tọ́jú, pé ó sàn kí oníṣòwò gbà á ju kí ó wó lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí gbogbo wa ni a rí bí ilé náà ṣe di ẹni ìkàánú kí ọdún 2021 tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún un ṣe, ṣé a tà á kí owó tó wọlé? A kò tà á. Ẹ̀yin àgbẹ̀ sì mọ ọ̀nà tí ó wà láàárín títà àti fífi sílẹ̀ ju àwa akọ̀wé lọ. Bí àlejò bá wá, onílẹ̀ a fún un ní ilẹ̀ dá, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kòkó ni òun yóò gbìn, ẹ ó pè é jókòó kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ, nítorí igi tí ó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ a máa sọ àlejò di onílẹ̀. Ọgbọ́n àwọn baba wa nìyẹn.

Síbẹ̀, yíyá nìkan kò tó bí àdéhùn kò bá mọ́yán lórí. Ní ọdún 2006, ìjọba fi ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já kọ̀ntéènà ní Àpápá fún ilé-iṣẹ́ APM Terminals fún ọdún 25. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ta ni kò rántí ọ̀pọ̀ ọdún tí tírélà àti táńkà fi dí gbogbo ojú ọ̀nà wa, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù ń tì pa? Àdéhùn tí kò bá rántí aládùúgbò, aládùúgbò ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, bí oníṣòwò amóríyá bá dé sí Ìgànmú lọ́la, ohun mẹ́rin ni kí a béèrè. Kí ilẹ̀ àti ilé máa jẹ́ ti ìlú, kí ìyálò ní ọjọ́ ìparí, kí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ sì padà di tiwa. Kí a tẹ àdéhùn náà jáde ní èdè tí ènìyàn gbọ́ kí a tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí a ya ọjọ́ sọ́tọ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò lè wọlé ní owó tí ọmọ aláìní lè san. Kí a sì gba àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀, Orílé àti Àpápá sí iṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí yóò kọ́ wọn ní ọgbọ́n, kì í ṣe gbígbálẹ̀ nìkan.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ẹ̀kẹta yẹn. Láti inú Ajégúnlẹ̀ ni Daddy Showkey ti jáde. Níbẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe, lórí pápá tí kò ní koríko. Kò sí ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn. Àwọn mìíràn bíi tiwọn ṣì wà nínú yàrá kéékèèké ní Àjẹ̀rọ̀mí, ilé Ìgànmú sì wà nítòsí wọn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn nítorí owó ìwọlé, òkèèrè ni wọn yóò ti máa wo òrùlé ilé baba wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìròyìn títà yóò jáde. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní Àpápá àti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, ẹ kọ ìwé sí àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé náà, àti iye tí ọmọ aláìní yóò san kí ó tó wọlé. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ wo eré níbẹ̀, kí ẹ lè ní ẹnu ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Bí àlejò bá fẹ́ lo ilé wa, kí ó jókòó, kí ó san owó ìlò. Ṣùgbọ́n ìwé ilé, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ onílé.