Ẹ Yé É Sọ Pé Owó Orí Nìkan Ló Fa Ogun Àdùbí

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò àti gbogbo Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá ó pẹ́. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ Ogun Àdùbí ọdún 1918 láàárín wa, ẹlòmíì á ti já a gbà: “Ṣebí owó orí ni àwọn Ẹ̀gbá ò fẹ́ san?” Ẹ̀rín á sọ, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí wọn ò dé Abẹ́òkúta rí, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé ahun làwọn baba ńlá wọn. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Owó orí wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé àwọn Ẹ̀gbá kì í sanwó fún ìlú tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n ń san. Owó ibodè ni wọ́n ń san, àwa ọlọ́jà ló sì yẹ kó tètè yé. Ẹni tó bá kó ẹrù dé ẹnu ibodè á san tiẹ̀ fún oníbodè. Ẹni tí kò rí ọjà gbé, ta ni yóò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Owó yẹn wà lára ohun tí Egba United Government fi ń tún ìlú ṣe láti 1898. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé ní 1893 pé Ẹ̀gbá dá dúró, wọ́n ní ìjọba tiwọn.

Ó wá di oṣù kẹjọ ọdún 1914. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá àgbà kan ní Ìjemọ̀ kò lọ. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé, bàbá kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjemọ̀ tú jáde láti béèrè òkú wọn lọ́wọ́ ìjọba. Ìbọn ni àwọn sójà fi dá wọn lóhùn. Olúwo Ìjemọ̀ kú, àwọn mìíì tó ju 30 lọ bá a lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti fagi lé ìwé òmìnira Ẹ̀gbá.

Ẹ kíyè sí i o: owó orí kò tíì dé rárá, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. Ẹni tó ní owó orí nìkan ló fa ìjà, kí ló máa sọ nípa ti Ìjemọ̀?

Ibi tí a wà yìí gan-an ni Lugard ti kó ètò rẹ̀ wá. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ọba Hausa àti Fúlàní ti ń gba haraji àti jangali. Lugard bá a nílẹ̀, ó lò ó, ó rọrùn fún un. Ló bá gbé agbádá tí wọ́n rán fún ẹlòmíì lọ sí Abẹ́òkúta, ó ní dandan ni kó bá wọn mu. Àmọ́ ní Ẹ̀gbá, Aláké kì í dá ìlú ṣe. Òkè-Ọnà ní ọba tirẹ̀, Gbágùrá ní tirẹ̀, Òwu náà ní tirẹ̀. Àwọn Ògbóni wà, àwọn Ológun wà, Pàràkòyí tí í ṣe olórí àwọn oníṣòwò náà wà. Kí wọ́n tó dá nǹkan lé ìlú lórí, gbogbo wọn á ti jókòó sọ ọ́. Lugard ní Aláké nìkan lòun mọ̀. A ò bú Ọba Gbádébọ̀ o, òun kọ́ ló fi ara rẹ̀ sípò yẹn. Ẹnu àwọn tó kù ni wọ́n dí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyà wá ń gorí ìyà. Wọ́n ń lànà, wọn ò gbowó. Wolé-wolé á yọjú, á wo kọ̀rọ̀ ilé, á kọ owó ìtanràn. Kóòtù tuntun náà ń bu owó lé èèyàn. Ogun Jámánì tún dá sí i: àwọn oníṣòwò Jámánì tó ń ra èkùrọ́ jù lọ ti lọ, èkùrọ́ wá di ohun tí kò rí olówó gidi mọ́, ọjà òyìnbó sì ń gbówó lórí. Ẹni tó bá ti tajà nígbà tí oníbàárà kò sí mọ bó ṣe máa ń rí. Inú irú ìyẹn ni wọ́n gbé owó orí dé ní 1918, tọkùnrin tobìnrin, láì bi ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá fowó kún tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wa lónìí, ṣé iye owó náà ló kọ́kọ́ ń bí wa nínú? Ohun tí a máa ń béèrè ni pé, “Ta ni wọ́n bi? Ṣé wọ́n pe ìyálọ́jà?”

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n kó àwọn ìjòyè sí àtìmọ́lé, wọ́n tún kó sójà tó ti ìlà oòrùn Áfíríkà bọ̀ wá. Ọjọ́ 13 ni àwọn Ẹ̀gbá tú ojú irin ní Agbesi, wọ́n sì wó ibùdó rélùwéè Wasimi. Ojú irin yẹn kan náà ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí Kánò. Wọ́n pa òyìnbó kan, Ọṣilẹ̀ náà kú nínú rògbòdìyàn náà. A ò ní parọ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló dára. Ikú Ọṣilẹ̀ ò dára. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, ó ti parí. Nǹkan bí 600 èèyàn ló kú. Ṣé ahun ló ń fẹ̀mí dí ṣílè?

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nígbà yẹn. Ní 1947, àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jáde lórí owó orí kan náà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láì fi wọ́n sí ìgbìmọ̀ ìlú. Aláké Adémọ́lá kúrò nílùú ní 1948. Wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, wọ́n sì fún wọn láyè nínú ìgbìmọ̀.

Ẹni tó bá tún ní “owó orí lásán ni”, ẹ ní kó kọ́kọ́ dáhùn ti Ìjemọ̀.