Fà Mu, Lẹ̀ Mọ́, So Mọ́: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá Nínú Ẹ̀kọ́ Kẹ́místírì

Kàn-ìn-kàn-ìn a máa fa omi mu. Eruku a máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ewúrẹ́ ni à ń so mọ́ èèkàn. Ọmọ Yorùbá kì í fi ọ̀kan pe èkejì nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ó wá yani lẹ́nu pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti sáyẹ́ǹsì, ‘fà mu’ nìkan ni àwọn olùkọ́ kan ń lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àṣìlò yìí ń ba òye akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti amúṣẹ́yá, ìyẹn ohun tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ run sí i. Ní ọdún 1951, Paul Hogan àti Robert Banks, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Phillips Petroleum ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Amẹ́ríkà, ń wá bí wọn yóò ṣe sọ gáàsì di èròjà epo bẹntiróòlù. Ike ni wọ́n bá pàdé. Amúṣẹ́yá oníkrómíọ̀mù àti sílíkà tí ó ti ibẹ̀ jáde ni a ṣì fi ń ṣe púpọ̀ nínú ike líle tí ó ń di kẹ́ẹ̀gì.

Ẹbí yanrìn ni sílíkà, ṣùgbọ́n irú èyí kún fún ihò tín-ín-tìn-ìn-tín, débi pé bí a bá tẹ́ gbogbo ojú tí ó wà nínú gíráàmù 1 péré sílẹ̀, ó lè tó 300 mítà onígun mẹ́rin. Lórí ojú náà ni átọ́ọ̀mù ọ́síjìn àti háídírójìn ti dúró ní méjì-méjì bí èèkàn. Omi iyọ̀ krómíọ̀mù ni wọn yóò dà sí i. Nínú iyọ̀ yìí, krómíọ̀mù ni ó wà láàárín, àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn sì rọ̀gbà yí i ká. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ náà kàn lẹ̀ mọ́ ojú sílíkà ni. Iná ni ó ń so ó. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ní ìwọ̀n ooru 600 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó yí krómíọ̀mù ká yóò jóná lọ, háídírójìn orí èèkàn yóò bá oru omi lọ, krómíọ̀mù yóò sì ti ipasẹ̀ ọ́síjìn so mọ́ sílíkà. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn sójú. Bí a bá fi irú iná bẹ́ẹ̀ sun ògidì ọ́ksáìdì krómíọ̀mù pupa, yóò pàdánù lára ọ́síjìn rẹ̀, yóò sì di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Èyí tí ó so mọ́ sílíkà kì í yí padà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni ó ń ní.

Olùkọ́ tí ó bá sọ pé sílíkà ‘fa krómíọ̀mù mu’ kò ní rí èsì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè ohun tí iná wá ṣe. Àpẹẹrẹ aró pàápàá kò lè gbà á sílẹ̀: aró elú wọnú òwú, ó sì jókòó síbẹ̀ láìsí ìdè kẹ́míkà, ìdí nìyẹn tí àdìrẹ fi ń ṣí.

Àwọn àgbà ti ṣe tiwọn. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti ti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kẹ́místírì kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé. Ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá jókòó ti ẹ̀ka kẹ́místírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fìdí ìfàmu, ìlẹ̀mọ́ àti ìsomọ́ múlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò lè pè lẹ́ẹ̀mejì.