Ṣé Woodfield Nìkan Ni Ẹ Mọ̀?

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ Yorùbá kan ní Schaumburg níbi tó máa ń mú àlejò lọ, Woodfield ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú, láti 1971 ni ọjà ńlá náà ti ń gba èrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń dúró de ọjọ́ tí àwọn òbí yín yóò mú yín lọ sí Nàìjíríà kí ẹ tó fojú rí ohun tó jẹ́ ti Yorùbá. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má dúró. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ní Art Institute ní Michigan Avenue, òpó igi kan wà nínú àkójọ wọn tí wọ́n ń pè ní Òpó Ògògà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láàárín 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọba jókòó lórí ìtẹ́ tòun ti adé. Ayaba àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ní 1984 ni Art Institute rà á.

Àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ ọdún rẹ̀ àti bó ṣe ga tó. Kò lè ki ọba. Kò lè ṣàlàyé bí obìnrin ṣe ń ṣe láàfin. Bàbá tàbí ìyá yín lè ṣe é, tàbí kí wọ́n mọ àgbà tí a lè fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ tó ń bọ̀ láàárọ̀ kò tíì wọ ilé náà rí. Ẹ̀yin mọ ọ̀nà, àwọn mọ ìtàn. Ẹ jọ lọ.

Bí òtútù bá mú, ẹ mú wọn lọ sí Garfield Park Conservatory, ọgbà abẹ́ gíláàsì tí wọ́n ṣí ní 1908. Ẹ óò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi kòkó níbẹ̀ nígbà tí yìnyín bo ìta. Ẹ bi wọ́n nípa kòkó. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìyá àgbà yín ti kọ́ ìwé kíkà.

Ní Schaumburg tiwa níbí náà, ẹ dé Spring Valley, kí ẹ wo oko Volkening, tí wọ́n tún ṣe bí oko àwọn ará Jámánì ṣe rí ní nǹkan bí 1880. Àwọn ni wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wọn sọ ìlú yìí. Wọ́n ń sọ èdè wọn nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, abà àti ohun ọ̀sìn wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ èdè Jámánì ní ìgboro mọ́.

Ohun tó ń kọ wá lóminú nìyẹn. Òpó Ọlọ́wẹ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn òbí wa kò ní aṣọ́nà kankan àfi ẹ̀yin.

Nítorí náà, ẹ mú Sátidé kan lóṣù yìí. Ẹ wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ mọ ohun tí wọ́n pàtẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Metra láti Schaumburg dé Union Station. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Art Institute láti ibẹ̀. Ẹ mú àgbà kan dání, ẹ tan fóònù yín, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí òpó bá lè ti Ìkẹ́rẹ́ dé Chicago, ọ̀nà tiwa kò jìn.