Ẹ Jẹ́ Kí Oníbàárà Rí Ibi Gbé Ọkọ̀ Sí

Ní ọdún 1965 ni a parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Owó kòkó, tí àwọn àgbẹ̀ wa fi òógùn ojú wọn wá, ni a fi kọ́ ọ. Ó dùn wá púpọ̀ pé lónìí, àgbẹ̀ tí ó bá wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wọ Dùgbẹ̀ láti ra àdá, páànù tàbí oògùn kòkó kì í tètè rí ibi tí yóò gbé e sí. Bí ó bá dúró, ajátíkẹ́ẹ̀tì ti dé ojú fèrèsé. Bí ó bá jiyàn, wọn a fi irin de táyà rẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lọ, onítajà kékeré tí ó ti ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà yóò sì padà lọ jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àárín ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra owó orí tàbí owó ọjà. Àwa tí a ń wí pé ọmọ ilẹ̀ ni kí ó máa ṣe àkóso ilẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé àkóso a máa gba owó. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa gba owó ohun tí a kò pèsè. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ìdásílẹ̀ àti ìtọ́jú ọjà àti ibùdókọ̀ sí ọwọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún dájọ́ pé kí owó Ìjọba Ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Iṣẹ́ jẹ́ tiwọn, owó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Níbo ni àyè ọkọ̀ wà? Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni a rí.

Àwọn kan yóò wí pé ní ìlú ọ̀làjú, wọ́n ń sanwó ọkọ̀. A gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìtàn náà tán. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ ni a rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Oklahoma City, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje, 1935. Sẹ́ǹtì 5 ni owó wákàtí kan. Nítorí àwọn onítajà ni a ṣe ṣe é: àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì a gbé ọkọ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kò sì rí àyè. Owó náà lé ọkọ̀ tí ń sùn kúrò, kí ọkọ̀ ẹni tí ó fẹ́ rajà lè wọlé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú ń kú ní Gẹ̀ẹ́sì, Mary Portas gba ìjọba ibẹ̀ níyànjú nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ti 2011 pé kí àwọn ìlú pèsè àyè ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ó ní ìlànà. Tiwa ńkọ́? Ẹni tí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ lè sùn síbẹ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra ìṣó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń san iye kan náà.

A ti lé akátá lọ. Ó tó kí a bá adìẹ wí. Ẹ̀yin onítajà wa, ọkọ̀ ta ni ó ń kọ́kọ́ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀? Ta ni ó ń tẹ́ ọjà dé ojú títì? Ẹni tí ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ oníbàárà kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: kí wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àárín ìlú, kí ẹni tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ sanwó, kí owó náà sì máa gòkè bí ó ti ń pẹ́ sí i, kí a má ṣe já tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí a kò bá fi ọ̀dà sàmì sí, kí a sì máa lẹ iye tí a pa mọ́ ara ògiri Ìjọba Ìbílẹ̀ ní oṣooṣù, kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Onítajà kékeré ni ó mọ orúkọ bàbá yín. Òun ni ó ń kọ gbèsè yín sínú ìwé títí kòkó yóò fi gbẹ. Ilé ìtajà ńlá tí ó ní àyè ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kì í ta àwìn. Ní ọjọ́ tí onítajà kékeré bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àwìn tí ń gbé yín dé ìkórè kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹ bi kánsílọ̀ yín ní gbangba pé: àyè mélòó ni ẹ pèsè, èló ni ẹ gbà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó má tún wá béèrè ìbò wa.